Bí Wọ́n Bá Ní Kí Òfin Fàyè Gba Igbó: Igbó Wo, Fún Ta, Láti Fi Ṣe Kí Ni?

Nínú ọkọ̀ akérò kan tó gbé wa láti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti gbọ́ ọ pé "wọ́n ti fọwọ́ sí igbó." Awakọ̀ ló sọ ọ́, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní Gánà ti bẹ̀rẹ̀, ó kan àwa náà, kò sì ní pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò fi máa gbìn ín bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó. Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ obì gbàǹja lé orúnkún bi í pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ó wá máa tà á fún ọmọ tá a bá rán lọ ra iyọ̀ ni?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn fèsì pé oògùn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe fún mímu. Ẹnì kẹrin ní ohun tí òun gbọ́ ni pé ọlọ́pàá kò ní lè mú ẹni tó bá ń mu ún mọ́. Kí a tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, àríyànjiyàn ti di ariwo, bẹ́ẹ̀ nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn mẹ́rin yìí ń sọ, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ awakọ̀ kúrò nílẹ̀: kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ sí igbó ní Nàìjíríà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti nǹkan bí ọdún 2019 ni gómìnà kan àti àwọn aṣòfin kan ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ìròyìn á gbé e kiri, á rọlẹ̀, á tún jí. Ẹni tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń rò pé ìdí ọ̀rọ̀ ti gúnlẹ̀.

Igbó wo là ń sọ?

Igbó tí mo ń wí kì í ṣe ti inú orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ará ibẹ̀ má bínú sí mi. Ewéko kan ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kánábíìsì, tí ìwé òfin wa sì ń pè ní Indian Hemp. Ìtàn tí àwọn àgbà sábà máa ń sọ ni pé àwọn sójà wa tó lọ jà ní Íńdíà àti Bọ́mà nígbà ogun Hitler ló mú un bọ̀. Èròjà tó wà nínú ewé náà pọ̀, ṣùgbọ́n méjì péré ló yẹ ká mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa. THC ni èyí tó ń pani bí ọtí, tó ń mú orí yí tí ojú sì ń pọ́n. CBD kì í pani bí ọtí, ara rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wá oògùn jù.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe gààrí nílẹ̀ yìí yóò tètè mọ ìyàtọ̀ tó kù. Gbágùúdá kan wà tí a lè hú lóko, kí a sè é, kí a jẹ ẹ́. Òmíràn wà tó korò, tí májèlé inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àfi kí a rin ín, kí a jẹ́ kó kan, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì yan án kó tó di oúnjẹ. Ìdílé kan náà ni méjèèjì, ẹni tí kò mọ oko kò sì lè fojú yà wọ́n. Bí ewéko yìí ṣe rí nìyẹn. Irú kan wà tí THC inú rẹ̀ kéré gan-an, tó jẹ́ pé okùn, aṣọ àti páálí ni wọ́n ń fi èèpo ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń fún epo lára irúgbìn rẹ̀. Irú kejì ni èyí tí wọ́n ń wé tí wọ́n ń fà. Òfin Gánà fi ààlà sáàárín wọn ní ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún: bí ewé gbígbẹ bá wọn kílò kan, THC inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù mẹ́ta lọ. Ojú kò lè rí ààlà yìí, imú kò lè gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò nìkan ló lè wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ yìí, nítorí a ó tún kàn án níwájú.

Àwọn orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní gáréèjì tún ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. "Skunk" àti "loud" ṣì jẹ́ igbó, igbó tí THC inú rẹ̀ lágbára ni. "Colorado" kì í ṣe igbó rárá ní tòótọ́: kẹ́míkà tí èèyàn pò ni wọ́n fọ́n sórí ewé lásán, ó sì léwu ju igbó fúnra rẹ̀ lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ tó ní Colorado lọ́kàn nígbà tó ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn wo ni wọ́n fẹ́ ṣí?

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀. Ẹnì kẹrin, tó ní ọlọ́pàá kò ní múni mọ́, ń sọ̀rọ̀ yíyọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹni tó ń mu igbó. Èyí kò sọ títà á di ẹ̀tọ́. Bó ṣe rí ní Gúúsù Áfíríkà nìyẹn: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí òfin orílẹ̀-èdè níbẹ̀ dájọ́ pé kò yẹ kí àgbàlagbà ṣẹ̀wọ̀n nítorí igbó tó gbìn tàbí tó mu ní ìkọ̀kọ̀ ilé rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin ní 2024. Ẹni tó bá tà á níbẹ̀ ṣì ń dẹ́ṣẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yìn ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ oògùn, èyí tí dókítà yóò kọ, tí apoògùn yóò wọ̀n. A ti ní irú rẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀. Mọ́fíìnì tí wọ́n ń fún aláìsàn jẹjẹrẹ ní ọsibítù láti dín ìrora rẹ̀ kù, ọmọ ìyá heroin ni. Òfin fàyè gba ọ̀kan nínú yàrá ìtọ́jú, ó sì ń fi ẹ̀wọ̀n lé èkejì kiri títì, kò sẹ́ni tó sọ pé òfin ń ta ko ara rẹ̀.

Awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ oko, ohun tí Gánà sì ṣe kò ju ti oko lọ. Wọ́n ṣòfin ní 2020 pé mínísítà lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti gbin irú tí THC rẹ̀ kéré fún ilé iṣẹ́ àti fún oògùn. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé apá náà ní 2022 nítorí pé wọn kò jíròrò rẹ̀ bó ṣe yẹ nílé aṣòfin. Ilé aṣòfin tún un ṣe ní 2023. Ẹni tó bá ń fa igbó ní Accra, olú ìlú Gánà, lónìí kò sí lábẹ́ ààbò òfin yẹn rárá.

Ìyá olóbì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kẹrin, èyí tó tóbi jù: kí wọ́n máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà tó, bí wọ́n ṣe ń ta bíà. Úrúgúwè ló kọ́kọ́ ṣe é ní 2013, Kánádà tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018.

Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ibodè dáadáa. Àwọn baba wa ló di ọ̀nà tó lọ láti etí òkun sí Ìbàdàn mú, tí wọ́n ń yan ẹni tó lè kọjá àti ẹrù tó lè kọjá, títí di ogun Ìmágbọ̀n ní 1892. Ẹni tó bá ń ronú lórí ilẹ̀kùn mẹ́rin yìí, kó máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn nígbà náà: ta ni oníbodè, ó sì mọṣẹ́ bí?

Kí ni òfin tiwa wí?

Ìjọba ológun ọdún 1966 ló gbé òfin Indian Hemp jáde, òfin náà sì le bí ojú ẹja: ẹni tó bá gbìn ín lè kú fún un, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 21. Ní 1975, ìjọba ológun mìíràn yọ ikú kúrò, ó sì dín ẹ̀wọ̀n ẹni tó kàn ń mu ún kù púpọ̀. Ní 1989, ìjọba Babangida dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀, òfin tó dá a sílẹ̀ sì tún fi okùn náà le. Òun là ń lò títí di òní. Ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá gbìn ín tàbí tó tà á. Ẹni tó bá mú un dání tàbí tó ń lò ó, ọdún 15 sí 25 ni ìwé òfin kọ sílẹ̀ fún un.

Èmi náà ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ni mo sọ, nítorí pé ní ilé ẹjọ́, àwọn adájọ́ sábà máa ń ṣàánú, wọ́n á fún ẹni tí wọ́n bá ìdì igbó kan péré lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù mélòó kan tàbí owó ìtanràn, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀pọ̀ nímọ̀ràn kó tó dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó wà lórí tábìlì tí a kì í lò tán ló ń di ohun ìdẹ́rùbà ní ojú títì. Ọmọ tí wọ́n bá dá dúró lóru, tí wọ́n sì sọ fún pé ọdún 15 ló wà nídìí ìdì igbó kékeré tó wà lápò rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ní ó wà lápò rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn iye tó máa san.

Kí ni àwọn tó fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí ń rò?

Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni àríyànjiyàn wọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, lójú tèmi. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé jọ ṣe, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 tó lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ẹkùn ìwọ̀ oòrùn gúúsù tiwa ni ìlò oògùn sì ti wọ́pọ̀ jù. Kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó lè gba mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn ọgbà tí a ní báyìí gan-an, ju ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ lọ ló jẹ́ pé wọ́n ṣì ń retí ìdájọ́. Ọmọ tó bá wọlé nítorí igbó, àwọn adigunjalè ni yóò bá sùn.

Ti oògùn náà ní ẹ̀rí, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí àwọn olùpolówó ṣe ń wí. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn CBD kan fún irú wárápá líle méjì tó máa ń bá àwọn ọmọdé jà. Àwọn mìíràn wà fún èébì tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ máa ń fà àti fún iṣan tó ń le. Oògùn tí wọ́n wọ̀n sínú ìgò ni gbogbo wọn. Kò sí dókítà tó fi èéfín wo wárápá.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn létí jù, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí á rọra. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, bá alága NDLEA ìgbà yẹn lọ sí Táílándì láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Èrò rẹ̀ yéni: wọ́n ń gbìn ín nínú igbó kìjikìji ìpínlẹ̀ òun lọ́nàkọnà, ìjọba kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ní 2021, aṣòfin Benjamin Kalu, tó ti di igbákejì olórí ilé aṣojú-ṣòfin báyìí, náà polongo irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ìdí tí igbó fi ń mówó wọlé lónìí. Ewu ló ń gbówó lé e. Ẹni tó gbìn ín sí àárín igbó ọba, tó ń fetí sílẹ̀ fún ìró ọkọ̀ NDLEA, ti ka ẹ̀wọ̀n mọ́ iye tó ń tà á. Lọ́jọ́ tí ewu bá kúrò, ewé lásán ló kù, ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀ àti ẹ̀rọ ni yóò sì máa jèrè rẹ̀. Lesotho ló kọ́kọ́ fúnni ní ìwé àṣẹ igbó oògùn nílẹ̀ Áfíríkà, ní 2017. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè tó ti ń gbìn ín láti ayé àwọn baba wọn kò rí owó ìwé àṣẹ náà san. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó, tí àwọn ará Kánádà wà nínú wọn, ló wọlé. Bó bá dé Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìṣarà, ẹni tó fẹ́ gbìn ín yóò nílò ògiri yí oko ká, kámẹ́rà, ọdẹ, àti ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí mo ní kí ẹ má gbàgbé, nítorí bí THC inú irè rẹ̀ bá kọjá ààlà, dídáná sun ún ni. Kí wá ni àgbẹ̀ eléèkà méjì máa fi ṣe ìyẹn? Kánádà alára ti gbin ju iye tó lè tà lọ, wọ́n sì ní láti da púpọ̀ nù. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé igbó ni kòkó tuntun, ẹ ní kó wá fi oníbàárà hàn yín.

Kí ló ń dẹ́rù ba àwọn tó kọ̀ ọ́?

Orí ni. Ní gbogbo ilẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé ẹnì kan lọ sí Àrò, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló ṣe é. Láti ọdún 1964 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tọ́lání Àsúní, tó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Àrò náà, ti kọ̀wé lórí igbó àti àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ohun tí ìmọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu igbó ni orí rẹ̀ ń dàrú, ṣùgbọ́n ewu náà ń pọ̀ sí i fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tó ń mu ún lójoojúmọ́, tó ń mu èyí tó lágbára, tàbí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìdílé rẹ̀. Òtítọ́ kejì tún wà níbẹ̀ tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́: nígbà mìíràn, àìsàn ló ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ náà ń fi igbó pa ohùn inú orí rẹ̀ rẹ́ ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, àwọn dókítà ọpọlọ tí a ní kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200. Kánádà tó ṣí ilẹ̀kùn ní ibi tó máa gbé ẹni tó bá ṣubú sí.

Ojú ọ̀nà ni ẹ̀rù kejì, ó sì kan àwa ará Rẹ́mọ gbọ̀ngbọ̀n. Ṣàgámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó lọ sí Bìní ti pàdé, ọ̀sán ni òru ni tírélà ń kọjá níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá mu ọtí, wọ́n lè ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì sọ iye tó wà lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Igbó kò gbọ́ irú èdè yẹn. Inú ọ̀rá ara ló máa ń sá sí; ẹni tó bá ń mu ún déédéé, ìtọ̀ rẹ̀ lè máa sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àyẹ̀wò ìtọ̀ yóò mú ẹni tó mu ún ní Sátidé tó kọjá, tí ojú rẹ̀ ti dá ṣáṣá, kò sì ní lè sọ bóyá ẹni tó ń wa tírélà bọ̀ yìí mu ún ní wákàtí kan sẹ́yìn.

Ẹ̀rù kẹta ni ti oníbodè. Mo dúró lọ́jọ́ kan ní gáréèjì Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta páragà. Ó to àwọn ìgò rẹ̀ sórí àga gígùn, ọ̀pá ẹ̀yìn lápá kan, jẹ̀dí lápá kejì, ọtí inú ọ̀rá sì rọ̀ wálẹ̀ lókè orí rẹ̀ bí ẹni sá ẹja. Ọmọ kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 13 lọ dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀rá méjì. Obìnrin náà ya méjì fún un, ó gba owó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹni tó dúró. Ara ọ̀rá náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kì í ṣe fún ọmọ tí kò tó ọdún 18. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá yìí ní oṣù Kejì ọdún 2024, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sún un síwájú. Nígbà tí ìyá olóbì bi awakọ̀ ní ìbéèrè rẹ̀, ohun tó ń rí lójú rẹ̀ nìyí, òun ló sì sún mọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo wa tó wà nínú ọkọ̀.

Táílándì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ igbó kúrò lára àwọn oògùn tí òfin dè, láì tíì ṣe òfin tí yóò máa darí títà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù igbó hù káàkiri ìlú bí olú. Ní 2025, wọ́n padà sọ pé àfi ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún.

Ṣé ògógóró kò ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́?

Àwọn kan á ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ògógóró náà, wọ́n ń mú àwọn tó ń sè é létí omi, lónìí ó wà níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, ayé kò sì parẹ́. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé a ṣì ń sin àwọn tó mu ayédèrú rẹ̀, tí kẹ́míkà ti bà jẹ́, títí di ayé tiwa yìí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, oníbodè kò sí níbẹ̀. Mo fara mọ́ kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 kúrò lórí ẹni tó ń mu igbó, kí wọ́n sì jẹ́ kí oògùn inú rẹ̀ gba ọ̀nà tí mọ́fíìnì gbà. Ti ṣọ́ọ̀bù ni kò tíì yé mi bí a ó ṣe ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí a kò lè gba ọ̀rá ọtí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 13.

Ta ló lè yí òfin padà?

Nítorí pé wọ́n ń gbọ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń pinnu tirẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ilé aṣòfin Ògùn ní Òkè-Mọ́ṣàn lè jókòó kí wọ́n sì fàyè gbà á fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ oògùn àti májèlé sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àbùjá ni yóò ti wá. Ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ààrẹ tó fọwọ́ sí i, bí ìròyìn bá sì sọ pé àbá kan ti gba ìkà àkọ́kọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Alága NDLEA láti 2021, Buba Marwa, ti sọ léraléra pé òun kò fara mọ́ ọn. Lókè òkun náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí oògùn olóró dìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 láti yọ igbó kúrò lára àwọn oògùn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ jù, ìbò 27 sí 25 ló fi bọ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn 25 tó kọ̀.

Bí wọ́n bá dá awakọ̀ wa yẹn dúró lójú ọ̀nà níwájú Odògbólú lálẹ́ òní, tí wọ́n sì bá ìdì igbó kan lábẹ́ àga rẹ̀, òfin ọdún 1989 ni wọ́n máa kà sí i létí.